Ìròyìn Akápò

Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan san.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.
Ẹni mọ́kàndínlógún, gbogbo wa ti fẹ̀yìn tì:
olùkọ́, nọ́ọ̀sì, àti Bàbá Ṣówándé
tó ta sítáǹpù nílé ìfìwéránṣẹ́ Ìpẹru
títí sítáǹpù fi di ohun tọ́mọdé ò mọ̀ mọ́.
A ní a ò ní kú láìfojú kan Erédò,
yàrà táwọn ẹni àná gbẹ́ yí Ìjẹ̀bú ká,
tí òyìnbó ń wọ bàálù wá wò,
táwa tá a wà nítòsí ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ iléèwé.

Aago mẹ́fà àbọ̀, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ìyá Ọ̀ṣínúbi ní ká sún un síwájú.
Mo ní owó ọkọ̀ tó ti wọlé kì í jáde.
Ó wò mí tìtì.
"Ṣónúgà, bíkú bá kanlẹ̀kùn rẹ,
wàá ní kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí rìsíìtì."
A gbéra.

Ìlíṣàn lòjò ti ká wa mọ́.
Kì í ṣe wínníwínní tí í ṣe bí ẹni ń tọrọ àyè;
òjò tó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ wá ni,
tó ń rọ́ lu òrùlé ọkọ̀ bí ẹní da ẹ̀kùrọ́ sí agbada.
Wáípà lọ, wáípà bọ̀,
kò rí nǹkan kan nù.

Ọmọkùnrin tó ń fọ̀nà hàn wá, Adéfarasìn,
ti há iṣẹ́ rẹ̀ sórí, ó ra bàtà tuntun nítorí wa.
"Ẹ̀yin àgbà, ọwọ́ ọ̀tún, oko kòkó Ìrolù nìyẹn."
A wo ọwọ́ ọ̀tún. Òjò.
"Ọwọ́ òsì, Yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè."
A wo ọwọ́ òsì. Òjò,
àti ewúrẹ́ kan lábẹ́ tábìlì.
Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún ewúrẹ́.

Èémí wa bo gíláàsì.
Nọ́ọ̀sì Odùnúga fìka kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sí i,
ọkọ tó sanwó tirẹ̀ lóṣù Ẹrẹ́nà,
tá a sin lóṣù Èbìbí.
Mo fẹ́ dá owó yẹn padà; ó ní kí n fi sílẹ̀,
orí ìjókòó náà lòun á gbé báàgì lé.
Orúkọ ń ṣàn wálẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì.
Kò nù ún. Kò tún un kọ.

Lórù, omi ti wọ àpótí oúnjẹ.
Gààrí nìkan ló yè é.
Ta ní í ro gààrí pin níbi tómi gbé pọ̀?

Lẹ́bàá Òkè-Èrí, dẹ́rẹ́bà pa iná ọkọ̀.
Ó ní táyà òun kì í ṣe ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ.
Ìjà owó bẹ́. Wọ́n ní kí n dá ìdajì padà.
Mo ní ẹni eji rí leji ń pa, ẹ lọ bá eji ṣẹjọ́.

Ibi tá a ti ń pariwo ni Bàbá Ṣówándé
ti wé ọ̀rá búrẹ́dì mọ́rí, ó sọ̀ kalẹ̀.
Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Òjò gbé e mì.
Mo ń wo aago: ìṣẹ́jú mẹ́tàlá.

Ó padà dé, ó di ẹ̀ṣẹ́ kan,
ó là á lójú wa: amọ̀ pupa, gbòǹgbò kékeré nínú rẹ̀.
Ó ní, "Mo wòkè, wòkè, n ò rí ìparí ògiri náà."
Ó ní, "Ẹni tó gbẹ́ ibẹ̀, òjò pa òun náà."
Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Amọ̀ náà ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́.
Adéfarasìn ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.
Nọ́ọ̀sì bu díẹ̀, ó fi sórí ìjókòó òfìfo.
Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ku àbàwọ́n.

Ìnáwó: ọkọ̀, epo, afọ̀nàhàn, gààrí.
Owó tó kù: irínwó náírà.
Amọ̀ pupa: n ò mọ ọ̀wọ́ tí mo máa kọ ọ́ sí.
Ìyá Ọ̀ṣínúbi ní ká lọ Ìwòpin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Ó ti san ẹgbẹ̀rún kan.
Mo já rìsíìtì fún un,
àtàǹpàkò mi pupa létí rẹ̀.